Apá Kẹta Wà ní Òkukù

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé àwọn ọmọdébìnrin kọ́kọ́ gbá mi mú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gbá mi létí. Mo jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò pariwo, kò sì bá mi wí. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà wò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi ní etí òsì. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí pátákó. Nígbà tí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, etí náà ṣì ń hó, ẹ̀jẹ̀ sì wà lẹ́nu mi níbi tí eyín ti gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nínú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, ní nǹkan bí ọdún 1989, ní Ìkìrun. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà, ṣùgbọ́n ìyá mi ní kí n máa kọ́ṣẹ́ ní ọ̀sán àti ní ọjọ́ Sátidé, nítorí wọn ò mọ èyí tí ayé máa gbà lọ́wọ́ mi nínú méjèèjì.

Àgbà ọmọ iṣẹ́ wa ń ká etí búbà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ó fi orúnkún ti ìwé kan mọ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì, ó ń ka èdè òyìnbó ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn tó kù. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ni ìtàn náà dá lé. Ilé àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Ọbẹ̀ jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, àbúrò bàbá náà sì gbá a létí. Ẹni tó kọ ìwé yìí ní ariwo ló kọ́kọ́ dé, kí ìrora tó dé. Ó ní ẹnu ọmọ náà wá dà bí ẹnu ẹni tó fi ahọ́n lá orí bátìrì tọ́ọ̀ṣì.

Mo fi ahọ́n kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Bátìrì ni lóòótọ́.

Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú tí ẹ̀gbọ́n mi ti di olórí ilé ni mo ti ń jẹ ìgbátí, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀rọ̀ kan tó bá a mu rí. Ẹnì kan tí n kò mọ̀, ní ìlú tí n kò dé rí, ti jókòó, ó ti rò ó títí, ó sì ti rí i. Mo ní kí àgbà ọmọ iṣẹ́ wa jọ̀ọ́ tún un kà.

Ó wò mí. “Ṣé etí ẹ di ni?”

Mo ní, “Ọ̀kan ti di, Àǹtí.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. N kò ṣàwàdà.

Mo ní láti ṣàlàyé bí a ṣe ń ka ìwé nígbà náà, nítorí n kò tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ti kọ́ obìnrin méjì níṣẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀kan lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Inísà, èkejì ṣí tirẹ̀ ní Òkukù. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe bí ọmọ ìyá. Ti Inísà nìkan ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wé etí aṣọ kó má baà tú, ti Òkukù ló sì mọ bọ́tìnnì tí a fi aṣọ bò ṣe jù, nítorí náà kò sí ọ̀sẹ̀ tí aṣọ kì í rìn láàárín wa, tí ọmọ iṣẹ́ kan kì í sì í gbé e lọ. Ìwé kan ṣoṣo la máa ń rí lẹ́ẹ̀kan, ojú tó fẹ́ kà á sì pọ̀. Àwọn tó ṣáájú wa ti wá ọgbọ́n sí i. Bí ìwé bá dé, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí là á sí mẹ́ta láti ẹ̀yìn, wọ́n á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ máṣíìnì, wọ́n á fi òwú jíǹsì rán ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì fi páálí ṣe èèpo fún un. Apá kìíní ń gbé ní Ìkìrun, apá kejì ní Inísà, apá kẹta ní Òkukù. Apá kan kì í kúrò ní ìlú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà á ló ń lọ bá a.

Èyí ló fà á tí àwọn ọmọ iṣẹ́ Inísà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwé láti àárín, tí àwọn ti Òkukù sì máa ń mọ ẹni tó kú kí wọ́n tó mọ ẹni tó bí i. Kò dùn wọ́n. Ọmọ Òkukù kan sọ fún mi pé òun fẹ́ràn kí òun kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, kí òun tó wá mọ ohun tó dá a sílẹ̀, pé bí àwọn ṣe ń gbọ́ ìròyìn ìjà nínú agbo ilé àwọn náà nìyẹn.

Òfin méjì ló wà. Ẹni tó bá sọ ìparí ìwé fún ẹni tí kò tíì kà á, ẹgba rúlà onígi lórí eegun ìka. Ẹni tó bá sì sọ apá kan nù tàbí tó bà á jẹ́, yóò dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù ìlú tó ni apá náà, yóò sọ ọ́ láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn níwájú àwọn tó ti kà á. Bó bá ṣì í, rúlà. Bí kò bá lè sọ ọ́ dópin, kò ní fọwọ́ kan ìwé mọ́ ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fífi ẹnu rán an la ń pè é.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ àwọn ìwé náà ju àwọn tó mú mi wọ̀ ọ́ lọ. Mo mọ̀ pé bí ọmọbìnrin inú ìwé bá ní ọ̀rẹ́ kan tó rẹwà jù ú lọ, ọ̀rẹ́ yẹn ló máa lóyún. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá sọ fún ọ pé tíṣà ọkùnrin kan ń fi lọ́fínńdà para, kí o máa ṣọ́ ọ. Mo fẹ́ràn ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́, mo fẹ́ràn ibi tí ọmọ náà ti kọ́kọ́ wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, mo fẹ́ràn kí ó máa bínú sí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgba ni ibi tí mo ti di ọ̀mọ̀ràn. N óò ka ìlà mẹ́rin péré, n óò sì sọ fún ọ bóyá ẹni tó kọ ọ́ ti jẹ ẹgba rí.

Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí á ní ọmọ náà kígbe ní ẹgba àkọ́kọ́. Irọ́ ni. Èémí ni ẹgba àkọ́kọ́ ń gbà. Ẹnu á là, ohùn ò ní jáde. Ìgbà tí ẹ̀kẹta bá ń balẹ̀ ni igbe ti àkọ́kọ́ ń dé. Bẹ́líìtì kì í sì í dunni jù níbi tó ti kọ́kọ́ bani. Á yí ara ká, orí rẹ̀ á lọ balẹ̀ sí ibi tí ẹni tó ń nani kò rí, ní ìhà tàbí lábẹ́ apá, ibẹ̀ ló ń wú. Wáyà iná ń fi ìlà méjì sílẹ̀ lára, àárín wọn á funfun. Pàṣán ń la awọ. Ẹni tó bá kọ gbogbo èyí pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, mo máa ń bínú sí i bí ẹni pé ó jí nǹkan mi.

Ìwé ọmọ tó ń gbé nílé àbúrò bàbá yìí kò ṣì í níbì kankan. Nígbà tí apá kìíní fi máa parí, ọkùnrin náà ti ra bẹ́líìtì tuntun, ó ti fi í kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọmọ náà sì ń wò ó lójoojúmọ́ bó bá ń gbálẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: kí ni ọmọ yìí máa ṣe sí bẹ́líìtì náà?

Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ràn ìwé wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di àtúnbí ni, nínú ìjọ kan tó ń ṣe ìsìn nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́. Ìyá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n ti ń lọ láti kékeré, àwọn méjèèjì kì í sì í gbọ́ra wọn yé lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ó ní, “Ìwé tí ọmọbìnrin bá wà lójú èèpo ẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀mí àgbèrè ló kọ ọ́.”

Ìyá mi ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Iléèwé wo ni ẹ̀mí náà lọ?”

Ó bínú jáde. Ọ̀dọ̀ mi ni ìbínú náà máa ń padà sí.

Ọ̀gá mi rán mi lọ sí Inísà pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n máa wé etí rẹ̀. Mo jókòó ti àpótí òwú, mo ń ka apá kejì. N kò tíì kà á dé ìdajì tí wọ́n ní ọ̀gá Inísà ń ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń lọ síbi òkú ìyá ọkọ wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àgbà ọmọ iṣẹ́ wọn. Ọmọbìnrin gíga kan ni, ó máa ń fi téèpù kọ́ ọrùn bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, “Apá kejì kì í sọdá odò.”

Mo ní, “Lọ́la ni màá dá a padà, Àǹtí. Ẹ wo ibi tí mo kà á dé. Wọ́n ti ń bọ́ aṣọ lára ẹ̀ láti nà án. Ṣé ẹ fẹ́ kí n sùn báyìí?”

Ó ní, “Bó bá nù, ẹnu ẹ lo máa fi rán an. Mi ò sì ní torí pé o jẹ́ ọmọ Ìkìrun fi rúlà ṣeré.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná wa, mo ń ka ojú ewé ìkẹyìn. Àbúrò bàbá náà ti ká ọmọ yìí mọ́ igun yàrá. Ó ti na apá rẹ̀ sókè pẹ̀lú bẹ́líìtì. Ìlà tó kẹ́yìn ní: ọmọ náà na ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè, ó sì. Ibẹ̀ ni àlùmọ́gàjí ti gé e. Ìyókù wà ní Òkukù.

Mo gbójú sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí.

Ó nà mí níbẹ̀. Kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀ tí mo lè sọ, àfi pé orí bẹ́líìtì tó ní irin ló fi nà mí lọ́tẹ̀ yìí, irin náà sì la ẹ̀yìn èjìká mi. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ kan mú ìwé náà, ó fi èkejì di irun mi mú, ó wọ́ mi sọdá títì lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n wá wo ọ̀run àpáàdì kékeré. Ó gbé ìwé náà sórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ti ń gé géètì, ó sì ṣáná sí ẹnu gáàsì.

Wẹ́dà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó jókòó lórí táyà ní, “Bọ̀ọ̀dá, ìwé ò ṣẹ̀ yín o. Ẹ pa á, gáàsì wọ́n.”

Ó ní, “Ọkàn ọmọ yìí ni mò ń gbà là.”

“Ọkàn náà ń ṣẹ̀jẹ̀ léjìká o.”

Iná gáàsì kì í jó ìwé bí iná igi. Ihò ló kọ́kọ́ lù sí àárín, ihò náà wá ń fẹ̀, etí rẹ̀ dúdú, ó ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́. Páálí èèpo rẹ̀ tẹ̀ lé e. Òwú jíǹsì ló gbẹ̀yìn. Ó ká jọ bí ekòló, ó sì dúró sórí irin náà pupa fún ìgbà díẹ̀ kó tó di eérú. Mo wo gbogbo rẹ̀, nítorí ó di irun mi mú. Ẹ̀yìn mi kọ́ ni ohun tó ń pá mi láyà. Bí n kò bá lè fi ẹnu rán apá kejì, n kò ní rí apá kẹta láéláé, n kò sì ní mọ ohun tí ọmọ náà ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, mo padà sí Inísà. Àgbà ọmọ iṣẹ́ wọn na ọwọ́ kí n tó kí i tán.

“Ìwé dà?”

“Wọ́n ti jó o, Àǹtí.”

“Ta ló jó o?”

“Bọ̀ọ̀dá mi ni.”

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá ẹ ò sí níbí. Dúró sí àárín.”

Ọ̀gá wọn ti lọ ra òwú, ṣọ́ọ̀bù kún. Àwọn tó ti ka apá kejì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, àwọn tí kò tíì kà á jókòó sílẹ̀ láàárín àjákù aṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ bí ọmọ náà ṣe jí, bó ṣe pọnmi, bí ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ṣe ró ìró aláwọ̀ ewé jáde wá.

“Búlúù.” Rúlà dún ní eegun ìka mi.

Mo ní búlúù. Mo ń bá a lọ. Mo dé ibi tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jẹ àkàrà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Mo ní mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ náà jẹ.

Ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì ní, “Méjì ni.”

Èkejì ní, “Mẹ́ta ni. Ó fi ọ̀kan pamọ́ sínú báàgì.”

“Èyí tó fi pamọ́, ṣé ó jẹ ẹ́?”

“Ta ló máa ń fi àkàrà pamọ́ tí kì í jẹ ẹ́? Ṣé bó ṣe rí nílé yín nìyẹn?”

Wọ́n dìde sí ara wọn. Ọ̀kan fa èkejì ní aṣọ, bọ́tìnnì já, ó fò lọ sábẹ́ máṣíìnì. Àgbà ọmọ iṣẹ́ fi rúlà gbá àwọn méjèèjì lórí, ó wá kọjú sí mi. “Máa lọ. Mẹ́ta ni.”

Wọ́n gbá mi nígbà tí mo gbàgbé orúkọ adágún odò. Wọ́n gbá mi nígbà tí mo fi ọjọ́ Àìkú pe ọjọ́ Ajé. Eegun ìka mi ti wú débi pé n kò lè ká wọn mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi ẹgba, kò sí ẹni tó gbá mi mọ́. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé gan-an: bí èémí ṣe lọ, bí orí bẹ́líìtì ṣe yí lọ sí ìhà, bí ọmọ náà ṣe ń ka ìṣó tó wà lára òrùlé kó má baà sunkún. N kò ní láti rántí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó sílẹ̀ gbé ọwọ́ bo ẹnu. Mo rí i pé ẹ̀yìn mi ni gbogbo wọn ń wò.

Àgbà ọmọ iṣẹ́ sọ rúlà sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú búláàsì ẹ jáde.”

Mo ní, “Kò tíì tán, Àǹtí.”

“Jókòó ná.”

“Bí mo bá jókòó, ẹ máa ní mi ò sọ ọ́ dópin.”

Mo sọ ọ́ títí dé igun yàrá, títí dé apá tó nà sókè, títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Ọmọ náà na ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè, ó sì.

Ẹnì kan nílẹ̀ ní, “Ó sì kín ni?”

“Ibẹ̀ ló parí sí.”

Wọ́n ṣépè fún ẹni tó gé ìwé náà, àti àlùmọ́gàjí tó fi gé e, àti ẹni tó pọ́n àlùmọ́gàjí. Àgbà ọmọ iṣẹ́ wọ́n ìyẹ̀fun pẹnisílíìnì sí èjìká mi, ó fi àjákù aṣọ funfun dì í, ó sì kó aṣọ mẹ́ta tó ń dúró de bọ́tìnnì lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n wọ bọ́ọ̀sì Òkukù kí ó tó kún.

Àwọn ọmọ Òkukù ti gbọ́ kí n tó dé. N kò mọ ẹni tó sáré jù mí lọ. Wọ́n gbé àpótí fún mi lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ kúkúrú kan tí ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín, ló gbé apá kẹta wá.

“Ṣé o fẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe?”

“Jọ̀ọ́, má sọ.”

“Mi ò ní sọ. O máa bínú ni.”

Mo ṣí i. Ìlà àkọ́kọ́ ní: di bẹ́líìtì náà mú. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Ìlà kejì ní, fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rù wà lójú àbúrò bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni orí ìtàn náà parí sí. Orí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ọmọ náà ti wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó wọ aṣọ funfun, àbúrò bàbá náà sì ń bọ̀ lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá láti wá kí i.

Mo ṣí i síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn. Mo wo òwú ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ojú ewé kan já. Kò sí èyí tó já. Mo ka gbogbo rẹ̀ dópin, bóyá ọmọ náà máa rántí rẹ̀ lọ́jọ́ kan kó sì sọ ọ́. Kò rántí. Ó fẹ́ dókítà.

Mo ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tó dì í mú?”

Ọmọ kúkúrú náà ní, “Ta ló mọ̀?”

“Ṣé ó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? Ṣé bàbá yẹn ò ní ọwọ́ kejì ni?”

“Ọ̀rẹ́, ó di nọ́ọ̀sì. Kí lo tún ń wá?”

“Ọwọ́ kejì ni mò ń wá.”

“Mo sọ fún ẹ pé o máa bínú.”

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé mi padà sí Ìkìrun, mo rò ó títí. Ẹni tó mọ bí bátìrì ṣe ń rí lẹ́nu, tó mọ ibi tí orí bẹ́líìtì ń balẹ̀ sí, kí ló dé tó fò ó? Ohun kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti nà án dáadáa, ṣùgbọ́n òun alára kò di bẹ́líìtì mú rí.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo wọlé. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run.

“Níbo lo ti ń bọ̀?”

“Òkukù, Bọ̀ọ̀dá.”

“Kí lo lọ ṣe ní Òkukù?”

Mo lè sọ pé bọ́tìnnì ni, irọ́ kọ́ ni ìbá sì jẹ́. Mo ní, “Mo lọ kàwé.”

Ó tú bẹ́líìtì. Ó we ìpẹ̀kun rẹ̀ kan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, mo sì mọ̀ nípa wíwé náà pé irin ló máa wà lórí. Ẹgba àkọ́kọ́ bà mí lápá. Mo wo apá rẹ̀ bó ṣe tún ń lọ sókè, mo na ọwọ́ mi sókè, mo sì dì í mú.

Ohun tó tẹ̀ lé e nìyí. Awọ bẹ́líìtì ń jó àtẹ́lẹwọ́ bí okùn kànga tó ń sáré. Irin orí rẹ̀ fò kọjá ìka mi, ó kàn mí ní eegun ọrùn ọwọ́. Kò sí ẹ̀rù lójú ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàlẹ́nu ló wà níbẹ̀, bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Tú u sílẹ̀.” N kò tú u sílẹ̀. Ó fà á. Nítorí pé n kò tú u sílẹ̀, èmi àti bẹ́líìtì la jọ lọ bá a, ojú mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀. Ó lo ọwọ́ kejì. Ẹ̀ṣẹ́ ni, kì í ṣe ìgbátí. Mo gbọ́ ọ nínú orí mi bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ òkúta nínú ẹ̀wà. Eyín òkè mi kan, èyí tó wà níwájú lápá ọ̀tún, ṣẹ́ sí méjì. Ìdajì rẹ̀ wọ inú ètè mi, ó dúró síbẹ̀. Mo ṣì di bẹ́líìtì mú. Ó tún gbé ẹ̀ṣẹ́ náà sẹ́yìn.

Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọ odó. Wọn ò sáré, wọn ò sì pè é. Wọ́n gbé e sókè bí ẹni fẹ́ gúnyán, wọ́n sì sọ ọ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó we bẹ́líìtì mọ́. Ìró igi lórí eegun náà kò ròkè. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ lójijì, ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Ìyá mi ní, “Bàbá yín nà mí títí ó fi kú. Ilẹ̀ ni mo ní kó o jogún, mi ò ní kó o jogún ìyẹn.”

Ó ní, “Màmá, ẹ ti kán an.”

“Mo mọ̀. Èkejì wà níbẹ̀.” Wọ́n gbé ọmọ odó náà ti ògiri, níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o, wọ́n wá yí sí mi. “Tu eyín yẹn dànù kó o tó gbé e mì.”

Ẹni tó to eegun fún un ní ọ̀nà Ìbà dì í mọ́ pákó, ó sì pẹ́ kí ó tó tún lè gbé gáàsì. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun, ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí wa bó bá ń jẹun. A ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí, títí di òní. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi mọ́, n kò sì mọ iye tó jẹ́ ti èmi nínú rẹ̀ àti iye tó jẹ́ ti ọmọ odó. Kò bẹ̀ mí. Ìwé kíkà mi ni kò fẹnu bà mọ́. Bí mo bá ń kà á ní pálọ̀, á gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá òǹkọ̀wé tó dúró sọ ohun tó ń tẹ̀ lé e bí ọmọ bá dì í mú. Mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán, mo di tíṣà, ṣùgbọ́n ìwé àwọn ọmọdébìnrin ni mò ń kà síbẹ̀, àwọn àgbà ẹlẹgbẹ́ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbà wo ni màá dàgbà. Mo wá wọn lọ sí ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́, mo wá wọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń pàtẹ ìwé àlòkù ní Òṣogbo, mo gba èyí tí eku ti jẹ, mo gba èyí tí kò ní èèpo. Ìlànà mi le. Ọmọbìnrin náà kò gbọdọ̀ ju ọdún mọ́kàndínlógún lọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi dì í mú, ì báà ṣe bẹ́líìtì, pàṣán tàbí apá ènìyàn. Ẹni tó kọ ọ́ kò sì gbọdọ̀ fò ó: ìlà tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọwọ́ kejì wà. N kì í ka ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kún un.

Títí di ìparí ọdún 1998, mo ti ka igba ìwé ó lé méjìlá. Ọmọbìnrin náà dì í mú nínú mọ́kàndínlógún. Ẹni tó kọ ọ́ dúró sọ ohun tó tẹ̀ lé e nínú mẹ́rin. Eyín ṣẹ́ nínú ọ̀kan.